Àpótí Ohùn Àlòkù: Kí Olórin Tó San Owó

Ní ayé tí a wà yìí, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun kan tí wọn kì í tà ní àlòkù. Aṣọ, bàtà, ọkọ̀, ẹ̀rọ tí ń mú omi tutù, títí dé orí ibùsùn tí a kò mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ sùn lé e, gbogbo wọn ni ọkọ̀ ojú omi ń kó wá bá wa. Àwa náà sì ti fi orúkọ tí a máa ń sọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun pè wọ́n, pé Tòkunbọ̀ ni wọ́n. Ohun tí ó mú wa kọ ọ̀rọ̀ òní ni ọ̀kan nínú àwọn tòkunbọ̀ wọ̀nyí, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí àwọn ọ̀dọ́ olórin, àwọn tí ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, àti àwọn tí ń gba orin sílẹ̀ nínú yàrá kékeré ń fi ojú méjèèjì wá kiri. Àpótí kan ni. Àwọn kan nínú wọn kò tóbi ju ìwé atúmọ̀ èdè lọ. Kò ní pátákó títẹ̀, kò ní sípíkà, kò sì lè dá fọhùn. Ṣùgbọ́n bí a bá fi okùn wáyà so ó mọ́ dùùrù tàbí mọ́ kọ̀ǹpútà, ohùn píànó, fèrè, gìtá, fayolíìnì àti onírúurú ìlù yóò máa tú jáde láti inú rẹ̀ bí ẹni pé odindi ẹgbẹ́ olórin ni ó fara pamọ́ síbẹ̀. Sound module ni orúkọ tí wọ́n fi ń tà á. Àwa yóò máa pè é ní àpótí ohùn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ eré ọmọdé ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń tẹ dùùrù níbi ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó lè fi oṣù mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ kí ó tó lè ra irú àpótí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá gbé e délé tí kò fọhùn, ta ni yóò gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹni tí ó tà á yóò ní ìgbà tí ó kúrò ní ìsọ̀ òun, ó ń kọrin. Ẹni tí ó rà á yóò ní láti ìgbà tí òun ti gbé e dé ilé, ńṣe ni ó yadi. Irú ẹjọ́ báyìí kì í ní ẹlẹ́rìí. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí á la ọ̀rọ̀ náà yé àwọn òǹkàwé wa nígbà tí owó ṣì wà nínú àpò wọn.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí á mọ̀ ni ìtumọ̀ MIDI, nítorí orúkọ yìí ni a ó rí lára gbogbo àpótí wọ̀nyí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò roboto tí ojú kéékèèké márùn-ún wà nínú rẹ̀. Kí ó tó di 1983, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ń ṣe dùùrù oníná ni ó ní èdè tirẹ̀. Dùùrù ọ̀kan kò gbọ́ ohun tí ti èkejì ń wí. Àwọn méjì ni ó ṣíwájú nínú àtúnṣe ọ̀rọ̀ náà. Èkíní ni Ikutaro Kakehashi, ará Japan, ẹni tí ó dá ilé-iṣẹ́ Roland sílẹ̀ ní ìlú Osaka ní 1972. Èkejì ni Dave Smith, ará Amẹ́ríkà, ẹni tí ó ni ilé-iṣẹ́ Sequential Circuits ní California. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, níbi ìpàtẹ ohun èlò orin tí wọ́n ń pè ní NAMM, wọ́n so dùùrù Prophet-600 ti Smith mọ́ Jupiter-6 ti Roland. Bí a ti ń tẹ ọ̀kan ni èkejì ń dáhùn. Wọn kò sì bu owó lé èdè tuntun náà. Wọ́n fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ilé-iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ lò ó, ìdí sì nìyí tí dùùrù tí a ṣe ní ọdún yìí ṣì fi lè bá àpótí tí a ṣe ní 1987 sọ̀rọ̀ láìsí ògbufọ̀. Ní 2013, a fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn Grammy ti iṣẹ́ ẹ̀rọ. Kakehashi kú ní 2017. Smith náà kú ní 2022.

Ohun tí ó ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú ni pé wọ́n rò pé ohùn ni ó ń gba inú wáyà MIDI kọjá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àrokò ni. Àwọn baba wa kì í fi ẹnu ránṣẹ́ nígbà gbogbo. Wọn a di owó ẹyọ, ìyẹ́ àti nǹkan mìíràn pọ̀, wọn a fi rán ìránṣẹ́, ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí ni yóò sì túmọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni dùùrù ń ṣe. Bí ìka bá tẹ bọ́tìnnì kan, nǹkan mẹ́ta ni ó ń bá wáyà lọ. Èkíní sọ pé a tẹ ohùn kan ní ọ̀nà báyìí nínú ọ̀nà 16 tí ó wà; èkejì sọ ohùn tí a tẹ̀, láti 0 dé 127; ẹ̀kẹta sọ bí ìka ti fi agbára tẹ̀ ẹ́ tó, òun náà láti 0 dé 127. Ó parí. Àpótí tí ó gba àrokò náà ni yóò sọ ọ́ di ohùn píànó tàbí ti fèrè. Nítorí náà, òfo ni owó tí àwọn kan ń ná sórí wáyà MIDI olówó iyebíye nítorí kí ohùn lè dùn sí i. Bí ìránṣẹ́ bá ti jẹ́ iṣẹ́ pé, aṣọ tí ó wọ̀ kò kan ọ̀rọ̀ tí ó wá jẹ́.

Ṣùgbọ́n àrokò kì í wúlò bí ẹni tí ó fi ránṣẹ́ àti ẹni tí ó gbà á kò bá fohùn ṣọ̀kan lórí ìtumọ̀ rẹ̀. Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, bí dùùrù bá sọ pé kí àpótí lo ohùn kan báyìí, àpótí kan yóò fi píànó dáhùn, òmíràn yóò fi kàkàkí dáhùn. Ní 1991 ni àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà àti ti Japan fẹnu kò sórí ètò kan tí wọ́n pè ní General MIDI. Ohùn 128 ni wọ́n to lẹ́sẹẹsẹ, píànó ni ó ṣáájú, wọ́n sì fi ọ̀nà kẹwàá sílẹ̀ fún ìlù nìkan. Àpótí tí ó bá fẹ́ jẹ́ orúkọ náà gbọ́dọ̀ lè fọ ohùn 24 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wá wo ohun ìyanu kan. Nínú ètò náà, ohùn 114 ni Agogo. Ẹ kò ṣì í kà. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni, agogo tí à ń lù. Nínú àwọn ìlù ọ̀nà kẹwàá pẹ̀lú, nọ́ńbà 67 ni agogo olóhùn òkè, 68 sì ni ti ìsàlẹ̀. Kì í ṣe pé ará Japan kan wá sí Ọ̀yọ́ wá kọ́ ọ. Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Bràsíl ni wọ́n gbé orúkọ náà dání. Ó wà nínú ẹ̀sìn òrìṣà tí wọ́n ń pè ní Candomblé, ó wọ inú orin samba, ayé sì ti ibẹ̀ mọ̀ ọ́n. Bí àpótí tí a ṣe ní Japan bá wá dé Èkó ní àlòkù lónìí, ó gbé ọ̀rọ̀ wa padà wálé nínú ikùn rẹ̀, ẹni tí ń tà á sì lè má tilẹ̀ mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́jà. Orúkọ tí ẹni tí ń wá àpótí ohùn yóò máa gbọ́ pọ̀, ṣùgbọ́n mẹ́rin ni a ó mẹ́nu bà. MT-32 ni Roland gbé jáde ní 1987. Àpótí gidi ni, ṣùgbọ́n ó fi ọdún mẹ́rin ṣáájú General MIDI, ètò ohùn rẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹni tí ó bá fi orin tí a ṣe fún General MIDI sínú rẹ̀ yóò gbọ́ ohun ẹ̀rín: ibi tí fayolíìnì yẹ kí ó ti máa sunkún, nǹkan mìíràn ni yóò máa kígbe. Oríṣi méjì ni MT-32. Ti àkọ́kọ́ kò ní ihò tí a lè ki ẹ̀rọ àfisétí bọ̀, ti ìkẹyìn ní i. Ti àkọ́kọ́ a sì máa há lọ́nà bí a bá fi àrokò gígùn ránṣẹ́ sí i ní kíákíá ju bí ó ti lè gbé e mì lọ. TX81Z ti Yamaha, ti ọdún 1987 bákan náà, ohùn mẹ́jọ péré ni ó lè fọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kì í lo ohùn tí a gbà sílẹ̀ rárá. Ọgbọ́n ìṣirò tí John Chowning ṣàwárí ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Stanford ní 1967 ni ó fi ń dá ohùn, ọ̀pọ̀ sì ń rà á nítorí ohùn béèsì rẹ̀ kan ṣoṣo tí ń jẹ́ Lately Bass. JV-1080 ti Roland, tí ó jáde ní 1994, ni àgbà nínú wọn. Ohùn 64 ni ó lè fọ̀ lẹ́ẹ̀kan, àyè sì wà nínú rẹ̀ fún pátákó ohùn mẹ́rin mìíràn tí a lè rà kún un. Ẹni tí ó bá ń rà á gbọ́dọ̀ béèrè bóyá àwọn pátákó náà wà níbẹ̀, nítorí a lè yọ wọ́n tà lọ́tọ̀, àpótí náà yóò sì máa ṣiṣẹ́ bí ẹni pé kò sí ohun tí ó nù.

Ẹ̀kẹrin ni SC-55, tí Roland gbé jáde ní 1991, ọdún kan náà pẹ̀lú ètò General MIDI. Bí òǹkàwé wa kan bá sọ pé òun kò ní ju àpótí kan lọ í rà, èyí ni a ó nawọ́ sí. Ó kéré, ó rọrùn í gbé, ojú rẹ̀ ń tan iná aláwọ̀ ọsàn, àwọn ọ̀pá kéékèèké 16 sì ń lọ sókè lọ sílẹ̀ lójú rẹ̀ bí orin ti ń lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò gbọ́ orin rárá lè máa wò ó fún ìgbádùn. Ohùn 24 ni ó lè fọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àbúrò rẹ̀, SC-55mkII ti 1993, lè fọ 28. Kí olùtẹ̀ dùùrù má ṣe rò pé 24 pọ̀ fún ìka mẹ́wàá òun. Àwọn ohùn kan wà nínú rẹ̀ tí ó jẹ́ pé méjì ni a so pọ̀ di ọ̀kan, bí a bá sì ń lò wọ́n, 24 ti di 12. Bí ẹsẹ̀ bá tún wà lórí pẹ́dálì, tí ìlù àti béèsì sì ń lọ lábẹ́lẹ̀, ohùn tí ó ti pẹ́ jù ni àpótí yóò máa pa lẹ́nu kí ó lè rí àyè fún tuntun. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́. Bí a ti dá a nìyẹn.

Ó ya àwọn kan lẹ́nu pé owó àpótí tí ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kò wálẹ̀. Eré orí kọ̀ǹpútà wà lára ohun tí ó fà á. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Sierra gbé King's Quest IV jáde ní 1988, MT-32 wà lára ohun tí wọ́n ṣe orin rẹ̀ fún. Orin eré Doom ti 1993 sì di ohun tí àwọn ènìyàn mọ̀ mọ́ ohùn SC-55. Àwọn ọmọdé tí wọ́n ṣe eré náà nígbà náà lọ́hùn-ún ti di bàbá ọlọ́mọ tí ń gba owó oṣù, wọ́n sì fẹ́ gbọ́ ohùn ìgbà èwe wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Olórin wa tí ń wá ohun èlò iṣẹ́ ń bá ẹni tí ń wá ìrántí du ọjà kan náà. Ẹni tí ń ra ìrántí kì í yọ́ owó ná, nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí ẹni tí ń ra ohun èlò ṣọ́ra gidigidi.

Ẹ fi ojú inú wo ọ̀dọ́mọkùnrin náà níwájú ìsọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjà o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tan èyí wò.”

“Àbúrò, fọkàn balẹ̀. Èmi kì í ta ohun tí kò sàn. Gbọ́ nǹkan.”

Ọlọ́jà tẹ bọ́tìnnì méjì, orin aládùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. Àwọn tí ń kọjá dúró wò. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti ń fa owó yọ.

Ibí yìí gan-an ni kí ó ti dá ọwọ́ dúró. Orin tí ó gbọ́ yẹn, orin àfihàn ni, inú àpótí náà ni ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é fi í sí. Ó fi hàn pé ohùn ń jáde. Kò fi hàn pé àpótí náà lè gba àrokò wọlé. Ihò MIDI lè ti fọ́ nínú, ẹ̀yà kékeré tí ó wà lẹ́yìn ihò náà, èyí tí ń fi ìmọ́lẹ̀ gba ọ̀rọ̀ wọlé kí iná ẹ̀rọ kan má baà ta sí èkejì, lè ti jó, orin àfihàn yóò sì máa dún lọ bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́n yóò mú dùùrù kékeré, okùn MIDI kan àti ẹ̀rọ àfisétí dání láti ilé. Yóò sì fi ọ̀wọ̀ sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, orin yín dùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi dùùrù tèmi bá a sọ̀rọ̀.” Ọlọ́jà tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kò ní bínú sí ìyẹn. Kí ó tẹ ohùn ní ọ̀nà kìíní, kí ó tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀nà kẹwàá bóyá ìlù yóò dáhùn. Kí ó tẹ ohùn kan mọ́lẹ̀ kí ó sì dákẹ́ gbọ́ ọ títí yóò fi kú, nítorí inú ìdákẹ́jẹ́ ni ariwo burúkú ti ń yọjú. Kí ó gbọ́ etí ọ̀tún, kí ó gbọ́ tòsì, bóyá wọ́n dọ́gba. Kí ó tẹ gbogbo bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan, láì fo èyíkéyìí, kí ó sì yí ti ìgbóhùnsókè síwá sẹ́yìn. Bí ó bá ń hó ṣàà bí epo gbígbóná, eruku ni, a lè nù ún, ṣùgbọ́n ìdí wà láti dín owó kù.

Ti iná ni ó léwu jù, àwa yóò sì dúró lé e lórí díẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, fólítì 230 sí 240 ni iná ilé. Ní Amẹ́ríkà, 120 ni. Ní Japan, 100 ni. Àpótí ńlá bíi JV-1080 ń gba iná ilé tààrà sínú ikùn rẹ̀, bí ó bá sì jẹ́ èyí tí a ṣe fún àwọn ará Japan, 100 ni ó mọ̀. Ẹni tí ó bá ki irú rẹ̀ bọ ihò ara ògiri wa yóò gbọ́ ariwo kan, yóò sì rí èéfín, ìyẹn nìkan sì ni orin tí yóò gbọ́ láti inú rẹ̀. Ẹ yí àpótí náà padà kí ẹ ka ohun tí a kọ sí ibi tí okùn iná ti wọlé. Bí ẹ bá rí 100 tàbí 120 níbẹ̀, ẹ ó ra tíránsífọ́mà tí ń rẹ iná sílẹ̀, ẹ ó sì ka owó rẹ̀ mọ́ iye tí ẹ ra àpótí. Ìyàtọ̀ wà láàrin 100 àti 120. Ẹ má ṣe gbà fún ẹni tí ó bá sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Àwọn kékeré bíi MT-32 àti SC-55 kò gba iná ilé sínú. Adápítọ̀ ìta ni ó ń fún wọn ní fólítì 9. Ewu tiwọn wà ní ibòmíràn. Nínú ọ̀pọ̀ adápítọ̀ tí a ń rí rà ní ìgboro, pọ́sítíìfù ni ó wà láàrin ẹnu rẹ̀, nẹ́gẹ́tíìfù wà lára ìta. Ti Roland, òdì kejì èyí ni: nẹ́gẹ́tíìfù ni ó wà láàrin. Ẹnu méjèèjì lè wọ ihò kan náà láìsí wàhálà, ìyọnu rẹ̀ sì nìyẹn. Ẹ wo àwòrán kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà kí ẹ sì fi wé èyí tí ó wà lára adápítọ̀. Bí ọlọ́jà bá sọ pé adápítọ̀ ti sọnù ṣùgbọ́n èyíkéyìí ni yóò ṣiṣẹ́, kí ó fi tirẹ̀ tàn án kí a rí i. Nígbà tí a bá sì gbé e délé tán, iná tiwa tí ń lọ tí ń bọ̀ kò mọ iyì ẹ̀rọ àtijọ́. Kí á ra sìtẹ́bíláísà sí i.

Ohun méjì mìíràn wà nínú ikùn tí a kò lè fi ojú rí. Èkíní ni bátìrì pẹlẹbẹ kan tí ó dà bí kọ́bọ̀, CR2032 ni orúkọ rẹ̀ nínú púpọ̀ nínú wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ṣọ́ àwọn ohùn tí oníṣẹ́ fúnra rẹ̀ tún ṣe tí ó sì fi pamọ́, nígbà tí kò bá sí iná. Bátìrì tí a fi sí i ní ọdún 1994 ti lè kú tipẹ́, kò sì yẹ kí ìyẹn dẹ́rù bà wá, nítorí owó kékeré ni, àwọn ohùn tí ilé-iṣẹ́ fi sí i láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ kò sì sí lábẹ́ àkóso rẹ̀. Nínú àpótí kan a lè yọ ọ́ bí a ti ń yọ ti tọ́ọ̀ṣì. Nínú òmíràn, òjé ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, atúnrédíòṣe ni yóò sì bá wa yọ ọ́. Kí a tó yọ ọ́, bí ó bá ṣì ní ẹ̀mí, ẹ fi okùn MIDI kó gbogbo ohùn tí ẹni àná fi pamọ́ jáde sínú kọ̀ǹpútà. A lè rí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ẹni tí a kò mọ̀ rí nínú rẹ̀. Ó jọ ìgbà tí ènìyàn ra ìwé àlòkù tí ó sì bá lẹ́tà láàrin rẹ̀.

Èkejì le ju ti bátìrì lọ. Àwọn ẹ̀yà kan wà tí wọ́n ń pè ní kapásítọ̀, wọ́n dà bí agolo kékeré, omi kẹ́míkà sì wà nínú irú èyí tí a ń wí. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, omi náà lè gbẹ, tàbí kí ó jò. Bí ó bá jò, a máa jẹ ojú ọ̀nà bàbà tí iná ń gbà lórí pátákó. Àwọn kéékèèké tí a lẹ̀ mọ́ ojú pátákó, tí ó wọ́pọ̀ láti òpin 1980 sí àárín 1990, ni wọ́n mọ̀ jù fún ìwà yìí. Àmì rẹ̀ ni kí ohùn rọ̀, kí etí kan lọ sílẹ̀ ju èkejì, kí ariwo hùn-ún máa bá orin lọ. Nígbà mìíràn, bí àpótí bá ti gbóná díẹ̀, òórùn bí ti ẹja yóò máa jáde láti inú ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ òórùn ẹja níbi tí kò sí ẹlẹ́ja, kí ó kí ọlọ́jà pé ó dàbọ̀, àyàfi bí ó bá ní atúnrédíòṣe tí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá, tí ọlọ́jà sì gbà láti ta àpótí náà ní iye ohun tí ó ti bàjẹ́.

Àwọn mìíràn kì í rà á ní ọjà wa. Íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń rà á tààrà láti Japan, níbi tí irú ẹ̀rọ báyìí ti pọ̀. Ilé ìtajà àlòkù ńlá kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Hard Off, ọ̀rọ̀ kan sì wà tí wọ́n ń lò níbẹ̀ àti ní ọjà gbàǹjo wọn tí olùrà gbọ́dọ̀ mọ̀: junk. Ìtumọ̀ rẹ̀ láàrin wọn ni pé a kò dán an wò, tàbí pé a mọ̀ pé ó ní àléébù, a kò sì ní gbà á padà. Wọn kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Wọ́n ti kọ ọ́ sí ara rẹ̀. Ẹni tí ó lè tún ẹ̀rọ ṣe lè jèrè nídìí irú rẹ̀. Ẹni tí kò lè tún un ṣe ń ta tẹ́tẹ́, owó ọkọ̀ òfurufú àti ti ibodè yóò sì wà lórí tẹ́tẹ́ náà.

Nígbà tí a bá ti ro gbogbo èyí, àwọn kan yóò bi wá pé kí ni a tilẹ̀ ń ra ogbó ẹ̀rọ sí nígbà tí kọ̀ǹpútà lè ṣe gbogbo rẹ̀. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Àwòrán kan ṣoṣo tí a fi fóònù yà lónìí lè gba àyè ju gbogbo ohùn tí ó wà nínú SC-55 lọ. Bí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ kan bá ń fẹ́ píànó tí ó dára láti fi gbé orin ní ọjọ́ ìsinmi, ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí wọ́n lọ ra dùùrù tuntun tí ó ní ìwé ẹ̀rí àtúnṣe, kí wọ́n má sì ṣe gba ọ̀rọ̀ àwọn tí ń sọ pé gbogbo ohun àtijọ́ ni ó sàn ju ti òde òní lọ. Ohùn píànó SC-55, a kò ní purọ́, kò tó ti dùùrù kékeré tí ọmọ ilé-ìwé ń lò nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní àwọn orin MIDI tí a kọ ní 1990 sí 1999 nílé, tí ó fẹ́ gbọ́ wọn bí ẹni tí ó kọ wọ́n ti gbọ́ wọn. Ẹni tí ohùn tín-ín-rín mímọ́ ti ìgbà náà bá orin rẹ̀ mu. Ẹni tí kọ̀ǹpútà ti dá orin rẹ̀ dúró lójú agbo rí nítorí pé ó fẹ́ sọ ara rẹ̀ dọ̀tun: àwọn wọ̀nyí ni àpótí náà tọ́ sí. A tẹ ibi ìtanná rẹ̀, ó jí lójú ẹsẹ̀. Kò béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, kò béèrè owó oṣooṣù.

Ohun kan kù tí ó kan olórin Yorùbá gan-an. Nínú ètò General MIDI, agogo wà, kóńgà àwọn ará Cuba sì wà nínú àwọn ìlù ọ̀nà kẹwàá; ṣùgbọ́n kò sí gángan, kò sí ìyáàlù, kò sí bàtá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkórìíra. Agogo ní ohùn méjì, òkè àti ìsàlẹ̀, a sì lè fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ìlù tí ń sọ̀rọ̀ kò dúró sójú kan. Láàrin ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀, ó ń yọ̀, ibi yíyọ̀ náà ni ọ̀rọ̀ wà. MIDI ní ọ̀nà tí a fi lè ṣe é díẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kékeré kan wà lápá òsì dùùrù púpọ̀ tí ń fa ohùn lọ sókè tàbí sílẹ̀. Bí àpótí ti jáde láti ilé-iṣẹ́, ìdajì ìgbésẹ̀ méjì péré ni kẹ̀kẹ́ náà lè fà á lọ sí òkè tàbí sí ìsàlẹ̀, èyí kò sì tó fún gángan láti fi kí ọmọdé. Ṣùgbọ́n a lè fi àrokò kan sọ fún SC-55 pé kí ó fẹ̀ ẹ́ dé 12. Bí a bá mú ohùn 118, èyí tí í ṣe ti ìlù olóhùn, tí a fẹ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ báyìí, tí ọwọ́ ọ̀tún ń tẹ̀ tí tòsì sì ń fà, ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ̀rọ̀ níbi tí ẹlòmíràn ti ń gbọ́ ariwo ìlù lásán.

Ìṣòro tí ó kù ni pé bí kẹ̀kẹ́ bá ti fa ohùn kan, gbogbo ohùn tí ó wà ní ọ̀nà kan náà ni yóò bá a lọ. MIDI 2.0 tí wọ́n ṣe ìkéde rẹ̀ ní 2020 ti fún ohùn kọ̀ọ̀kan ní ìfà tirẹ̀, ṣùgbọ́n àpótí ọdún 1991 kò gbọ́ èdè tuntun yìí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kí ìyáàlù àti omele jọ fọhùn nínú SC-55 yóò ya ọ̀nà kan sọ́tọ̀ fún ìyáàlù, yóò ya òmíràn sọ́tọ̀ fún omele, yóò kọ́kọ́ fi kọ̀ǹpútà gba ti ìyáàlù sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìfà rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò wá padà jókòó ti dùùrù láti fi omele dá a lóhùn.